Aṣọ Àwọn Júù àti Ìtàn Wọn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní aṣọ là á kí kí a tó kí ènìyàn. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n tún ní, ènìyàn ni aṣọ mi. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹ̀ wò pọ̀, a ó rí i pé aṣọ kì í ṣe ohun tí a fi ń bo ìhòòhò nìkan. Ó ń sọ irú ẹni tí a jẹ́ kí a tó la ẹnu, ó sì ń sọ àwọn tí a jẹ́ tiwọn. Lónìí, ẹ̀yà kan wà tí mo fẹ́ sọ ìtàn aṣọ wọn fún yín, àwọn náà ni àwọn Júù. Láti ìgbà Mósè ni wọ́n ti ń fi aṣọ sàmì sí ara wọn. Àwọn ọba àti àwọn ìjọba pẹ̀lú ti fi aṣọ sàmì sí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ìtàn yìí wà.

Inú Ìwé Númérì, orí 15, ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ a kà pé Ọlọ́run ní kí Mósè sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọn ṣe wájawàja sí etí aṣọ wọn, kí wọn sì fi fọ́nrán aláró sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbàkúùgbà tí wọ́n bá rí i, kí wọn rántí òfin, kí ọkàn wọn má sì ṣáko lọ. Ìwé Diutarónómì, orí 22, sọ pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin aṣọ ìbora wọn ni kí ó wà. Orí kan náà kà á léèwọ̀ fún wọn láti wọ aṣọ tí a fi irun àgùntàn àti ọ̀gbọ̀ hun pọ̀. Ẹ kíyèsí i, ta ni a ní kí ó máa wo àmì etí aṣọ yìí? Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ni. A kò ṣe é kí àjèjì lè fi dá a mọ̀; a ṣe é kí òun fúnra rẹ̀ má baà gbàgbé.

Bí wọ́n ti ń ṣe wájawàja náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ihò kékeré kan wà ní igun kọ̀ọ̀kan aṣọ náà. Wọn a fa fọ́nrán òwú mẹ́rin gba inú ihò yìí, wọn a ṣẹ́ ẹ po, yóò sì di mẹ́jọ. Ọ̀kan nínú wọn gùn ju àwọn ìyókù lọ; òun ni wọn a fi máa wé àwọn tí ó kù, tí wọn a sì máa ta kókó sí i láàrin. Kókó márùn-ún ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Láàrin kókó kan sí èkejì, ọ̀pọ̀ Júù ilẹ̀ Yúróòpù a máa wé e ní ìgbà 7, lẹ́yìn náà ìgbà 8, lẹ́yìn náà ìgbà 11, àti ní ìkẹyìn ìgbà 13. Baba a máa kọ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ náà a sì kọ́ ọmọ tirẹ̀.

Aró tí wọ́n fi ń rẹ fọ́nrán náà tún ní ìtàn tirẹ̀. Ara ìgbín òkun kan tí ó wà ní etí Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń rí i, owó rẹ̀ sì wọ́n gan-an. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún keje tàbí ìkẹjọ lẹ́yìn ikú Olúwa wa, ìmọ̀ bí a ti ń ṣe é parẹ́ láàrin wọn. Láti ìgbà náà, fún ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, funfun nìkan ni wájawàja wọn. Ní 1913, Isaac Herzog, ẹni tí ó wá di olórí àwọn rábì ní ilẹ̀ Palẹ́stínì nígbà tí ó yá, kọ ìwé ìwádìí lórí aró yìí fún Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ní àwọn ọdún 1980, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Ísírẹ́lì tí ń jẹ́ Otto Elsner rí i pé bí oòrùn bá ràn sí omi aró ìgbín náà, àwọ̀ tí ì bá jẹ́ elésè-àlùkò a yí padà di aláró gidi. Ohun tí yóò ya àwọn aláró wa lẹ́nu ni pé, nígbà tí oòrùn bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, ohun tí ó ń mú aṣọ náà ní àwọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú aró èlú tí àwọn ìyá wa ń rẹ ní Òṣogbo àti ní Abẹ́òkúta. Àwọn rábì àtijọ́ pàápàá mọ̀ pé aró ewé jọ aró ìgbín. Wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn wọn kí oníṣòwò má baà ta ayédèrú fún wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi yóò rántí obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ tí ó fi ọwọ́ tọ́ ìṣẹ́tí aṣọ Jésù. Júù ni Jésù. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Mátíù àti Lúùkù lò fún ìṣẹ́tí aṣọ yẹn náà ni àwọn tí ó túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé sí èdè Gíríìkì lò fún wájawàja tí Mósè pa láṣẹ.

Nígbà tí ó yá, àṣà ìmúra ayé yí padà. Àwọn ènìyàn kò wọ aṣọ onígun mẹ́rin mọ́. Àwọn Júù kò jẹ́ kí òfin náà kú. Wọ́n ya aṣọ ìborùn kan sọ́tọ̀ fún àdúrà òwúrọ̀, tálítì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n sì ṣe kékeré kan tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀ sábẹ́ ẹ̀wù wọn. Láyé òde òní, àwọn sínágọ́gù kan wà tí àwọn obìnrin pẹ̀lú ti ń fi tálítì bora. Aṣọ yìí a máa bá ènìyàn láti èwe dé ikú. Ní ibòmíràn, ìgbà tí ọmọkùnrin bá pé ọdún 13, tí ó tó ẹni tí òfin dè, ni yóò kọ́kọ́ fi bora. Ní ibòmíràn, ó di ìgbà tí ó bá gbéyàwó. Àwọn mìíràn a máa ta á lé ọkọ àti ìyàwó lórí ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Bí ọkùnrin bá sì kú, tálítì rẹ̀ ni wọn yóò fi wé e, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ́kọ́ gé wájawàja igun kan kúrò, nítorí pé òkú kò ní òfin kankan láti pa mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un nípa aṣọ òkú. Talmud, èyí tí í ṣe ìwé ńlá àwọn rábì, sọ pé ní ayé àtijọ́ ìnáwó òkú a máa wúwo fún ẹbí ju ikú náà lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn fi ń sá fi òkú wọn sílẹ̀. Rábì Gamaliel, ẹni tí ọlá rẹ̀ pọ̀ láàrin wọn, ní kí a má fi aṣọ olówó iyebíye sin òun, aṣọ ọ̀gbọ̀ lásán ni kí a fi sin òun. Bí wọ́n ti ṣe fún un nìyẹn, gbogbo ìlú sì tẹ̀lé e. Títí di òní, aṣọ funfun tí kò ní àpò ni wọ́n fi ń sin olówó, òun náà ni wọ́n sì fi ń sin tálákà. Ẹni tí ó bá létí, kí ó gbọ́.

Ní ti fìlà pẹlẹbẹ kékeré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá ọkùnrin Júù mọ̀, kípà ni wọ́n ń pè é. Kò sí ibi kankan nínú òfin Mósè tí a ti ní kí gbogbo ọkùnrin máa bo orí. Àṣà ni, tí ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀. Talmud sọ nípa Huna kan, ọmọ Joshua, pé kì í rin ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin láìbo orí rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé Ọlọ́run wà lókè orí òun. Ohun tí ènìyàn mímọ́ kan ń fi ìfẹ́ inú ṣe ni ó wá di ìṣe gbogbo àwọn olùfọkànsìn. Bákan náà, obìnrin tí ó bá ti wọ ilé ọkọ, tí ó sì di òfin mú, a máa bo irun rẹ̀. Àwọn kan ń we gèlè, àwọn kan ń dé fìlà, àwọn kan sì ń dé wíìgì.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo Júù ní aṣọ kan ṣoṣo. Ibi tí wọ́n bá gbé ni wọ́n ti ń kọ́ ìmúra. Ní Íńdíà, àwọn obìnrin Júù a máa ró sárì bí àwọn aládùúgbò wọn. Ní Mòrókò, ìyàwó Júù a máa wọ aṣọ ńlá kan tí a fi àrán rán, tí a fi òwú wúrà ṣe ọnà sí lára. Àwọn baba ńlá wọn tí a lé kúrò ní ilẹ̀ Spéènì ní 1492 ni wọ́n gbé àṣà aṣọ náà wá. Ọmọge tí kò rí Spéènì rí yóò tipa bẹ́ẹ̀ gbé ìtàn ìlú tí a ti lé àwọn baba rẹ̀ wọ̀ sí ọrùn ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀.

Jíjọ tí wọ́n jọ àwọn aládùúgbò wọn yìí ni ó mú ọ̀rọ̀ wá. Ní 850, Kálífà al-Mutawakkil, ẹni tí ìjọba rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Ìráàkì, pàṣẹ pé kí àwọn Júù àti àwọn Kristẹni máa wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, kí a lè máa dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn Mùsùlùmí. Nígbà tí ó di 1215, ó kan àwọn Kristẹni láti ṣe tiwọn. Póòpù Innocent Kẹta pe ìgbìmọ̀ ńlá ìjọ jọ ní Róòmù, wọ́n sì ṣòfin pé àwọn Júù àti àwọn Mùsùlùmí tí ń gbé ní ilẹ̀ Kristẹni gbọ́dọ̀ ní aṣọ tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé ní àwọn ibì kan a kò mọ ìyàtọ̀ mọ́, ọkùnrin Kristẹni sì lè ṣèèṣì bá obìnrin Júù lò pọ̀. Òfin náà tilẹ̀ fi kún un pé Mósè pàápàá ti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún wọn rí!

Ẹ wo bí a ti ń yí ọ̀rọ̀ po. Mósè ní kí Júù wo etí aṣọ ara rẹ̀ kí ó lè rántí Ọlọ́run rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ní kí àwọn ẹlòmíràn wo aṣọ Júù kí wọn lè yẹra fún un. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ìrántí, èkejì jẹ́ ìyàsọ́tọ̀ bí ti adẹ́tẹ̀.

Àwọn ọba kò jẹ́ kí òfin náà sùn. Ní 1218, ìjọba Ọba Henry Kẹta ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí Júù máa fi àmì funfun tí a gé bí wàláà òfin méjì sí àyà aṣọ rẹ̀. Wàláà òfin tí í ṣe ògo wọn ni a wá sọ di ohun ìtìjú. Àwọn tí ó lówó a máa sanwó fún ìjọba kí a lè yọ̀ǹda wọn, tí ó fi hàn pé àmì náà tún jẹ́ ọ̀nà àtirí owó. Ní 1275, Ọba Edward Kìíní ní kí àmì náà jẹ́ yẹ́lò, bí èso ìyeyè, kí ó gùn ní íǹṣì 6, kí ó sì fẹ̀ ní íǹṣì 3, kí gbogbo Júù tí ó ti ju ọmọ ọdún 7 lọ sì máa lò ó. Ọdún 15 péré lẹ́yìn náà, ní 1290, ó lé gbogbo wọn kúrò ní ìlú. Ní ilẹ̀ Faransé, Ọba Louis Kẹsàn-án pàṣẹ ní 1269 pé kí wọn lẹ àmì róbótó mọ́ àyà àti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá mú Júù tí kò fi í sára, ẹni tí ó tú u fó ni yóò gba ẹ̀wù rẹ̀. Ní Venice, níbi tí a sé wọn mọ́ àdúgbò kan ní 1516 tí a sì ń ti ìlẹ̀kùn ibẹ̀ lálaalẹ́, fìlà yẹ́lò ni wọ́n ń dé jáde, lẹ́yìn náà ó di pupa. Àwọn oníṣègùn Júù nìkan ni a máa ń gbà láyè nígbà mìíràn láti dé fìlà dúdú, nítorí àwọn ọlọ́lá ìlú náà ń ṣàìsàn.

Ayé wá ń là díẹ̀díẹ̀. Ní 1791, ilẹ̀ Faransé sọ àwọn Júù di ọmọ ìlú bí ẹlòmíràn. Ní 1797, a wó ìlẹ̀kùn àdúgbò Venice lulẹ̀. Ọ̀pọ̀ Júù ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ bí ti gbogbo ènìyàn, inú wọn sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Àwọn Júù ibẹ̀ a máa wọ kóòtù dúdú gígùn, wọn a sì dá irun ẹ̀gbẹ́ etí sí. Ní 1844, ìjọba Ọba Nicholas Kìíní bu owó-orí lé aṣọ wọn. Ní nǹkan bí 1850 ó fòfin dè é pátápátá. Àwọn ọlọ́pàá a máa mú ènìyàn ní ìgboro, wọn a gé etí kóòtù rẹ̀, wọn a gé irun ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Ní tòótọ́, kóòtù gígùn náà kò ti ọ̀dọ̀ Mósè wá. Ara aṣọ tí àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Póláǹdì ń wọ̀ láyé àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọba ti ní kí wọn bọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ó túbọ̀ di ohun mímọ́ lójú wọn. Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní, "Ẹ gbọ́dọ̀ yàtọ̀." Ọba Rọ́ṣíà ní, "Ẹ kò gbọdọ̀ yàtọ̀." Èmi kò rí ìyàtọ̀ láàrin àwọn ọba méjèèjì: àwọn méjèèjì ni wọ́n fẹ́ fi agbára pinnu ohun tí ẹlòmíràn jẹ́.

Ó kù ibi tí ó burú jù nínú ìtàn yìí. Ní 1933, Hitler àti ẹgbẹ́ Násì gba ìjọba ní Jámánì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù April ọdún náà, wọ́n dúró sí ẹnu ilé ìtajà àwọn Júù kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé rajà, wọ́n sì fi ọ̀dà kun ìràwọ̀ olígun mẹ́fà sára ògiri àti fèrèsé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Robert Weltsch, olóòtú ìwé-ìròyìn àwọn Júù kan ní Berlin, kọ̀wé sí àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọn má tijú àmì tí a fi sí wọn, kí wọn gbé e wọ̀ pẹ̀lú ìyangàn. Ọ̀rọ̀ akọni ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ń bọ̀ ju ìtìjú lọ. Ní November 1939, àwọn ará Jámánì tí ó ṣẹ́gun Póláǹdì pàṣẹ pé kí àwọn Júù ibẹ̀ máa so ọ̀já funfun tí a ya ìràwọ̀ búlúù sí mọ́ apá. Ní September 1941, wọ́n mú àṣẹ náà dé Jámánì fúnra rẹ̀. Gbogbo Júù tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 6 gbọ́dọ̀ rán ìràwọ̀ yẹ́lò mọ́ àyà òsì aṣọ rẹ̀. Ìràwọ̀ náà tó àtẹ́lẹwọ́ ní títóbi, a sì kọ "Júù" sí i láàrin ní èdè Jámánì. Ní 1942, ó dé Hólàǹdì àti ilẹ̀ Faransé. Ní ilẹ̀ Faransé, ìràwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gba tíkẹ́ẹ̀tì aṣọ tí ìjọba fi ń wọn aṣọ fún aráàlú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ o: wọ́n mú kí ènìyàn fi ìpín aṣọ tirẹ̀ san owó àmì tí a ó fi mọ̀ ọ́n pa.

Nítorí ohun tí àmì náà wà fún nìyẹn. Ẹni tí a ti sàmì sí kò ṣòro láti kó. Nígbà tí ogun fi parí ní 1945, wọ́n ti pa nǹkan bí mílíọ̀nù 6 Júù. Ìtàn kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ, pé Ọba Christian Kẹwàá ti Dẹ́ńmáàkì fi ìràwọ̀ náà sí àyà ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí a kò pàṣẹ ìràwọ̀ náà ní Dẹ́ńmáàkì rárá. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní October 1943, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn Júù tí ó ju 7,000 lọ sá lọ sí Swídìn.

Lẹ́yìn ogun, ẹnikẹ́ni lè rò pé àwọn tí ó ṣẹ́kù kò ní fẹ́ fi àmì kankan sára mọ́. Àwọn kan kò fẹ́ ẹ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Júù òde òní kò yàtọ̀ sí aládùúgbò wọn nínú ìmúra. Ṣùgbọ́n àwọn Hásídì, ìyẹn ìjọ olùfọkànsìn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlà-oòrùn Yúróòpù ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, gbé kóòtù dúdú gígùn wọn wọ̀ padà ní Brooklyn ní New York, ní Jerúsálẹ́mù, àti ní Stamford Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Hackney ti ń bá wọn pàdé lójú títì lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ ìsinmi, àwọn ọkùnrin wọn tí ó ti gbéyàwó a máa dé fìlà ńlá onírun. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n wò yóò fi fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ mọ ọ̀dọ̀ rábì tí oníkálukú wọn ń jọ́sìn. Nínú àsíá pàápàá, tálítì ò kú. Nígbà ìpàdé Basel ní 1897, David Wolffsohn wo aṣọ àdúrà funfun onílà búlúù náà, ó ní àsíá tí àwọn ń wá nìyí. Òun ni ó di àsíá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì ní October 1948, ìràwọ̀ olígun mẹ́fà sì wà láàrin rẹ̀. Ìràwọ̀ tí Násì fi sàmì ikú, wọn kò jù ú nù fún Násì.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, kápítéènì kan nínú ọmọ-ogun òfurufú, Simcha Goldman, tí ó tún jẹ́ rábì, fẹ́ máa dé kípà rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọ̀gá ní rárá. Ó gbé ẹjọ́ lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ, ó sì pàdánù ní 1986. Adájọ́ 5 dá a lẹ́bi, 4 gbè é. Ní 1987, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun tí ó fún ọmọ-ogun láyè láti lo aṣọ ẹ̀sìn tí kò bá dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Fìlà tí kò tó àwo ọbẹ̀, ìjọba ńlá jókòó lé e lórí!

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ó bá àwọn ènìyàn pàdé tí ìmúra wọn ṣàjèjì sí yín, ní ilé-ìwé, ní ọjà, tàbí ní òkè òkun. Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì. Èkínní, ta ni ó fi àmì yìí sí i lára? Èkejì, ojú ta ni a ṣe é fún? Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó fi sára ara rẹ̀, kí ó lè rántí ilé bàbá rẹ̀, ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Bí ó bá jẹ́ pé alágbára kan ni ó fi í sí i lára, kí àwọn ẹlòmíràn lè máa nàka sí i, ẹ má bá wọn nàka. Nítorí ẹni tí ó bá dákẹ́ nígbà tí a ń rán àmì mọ́ aṣọ aládùúgbò rẹ̀, kò mọ ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ náà yóò kan aṣọ tirẹ̀.

Ènìyàn ni aṣọ wa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọ lára wa. Ó dàbọ̀ o.